Ọ̀rọ̀ Tí Alfa Ràmọ́nì Fi Ọwọ́ Òsì Kọ

Wàláà kan, pátákó tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ̀wé, wà lára ògiri pálọ̀ Tísà Bàṣírù ní Ìpàpó. Lójú àlejò, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò rí ìjà Tísà, bẹ́ẹ̀ Tísà ọ̀hún kì í bá ewúrẹ́ jà. Àwọn aládùúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ wo Mọ́mọ́nì tó gbé wàláà kọ́ sílé! Kò tíì mọ̀ bóyá ilé kéwú lòun ń lọ ni tàbí ṣọ́ọ̀ṣì." Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ìdí abájọ.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, nílé Alfa Ràmọ́nì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lábẹ́ igi dóńgóyárò. Nínú gbogbo ọmọ Alfa, Bàṣírù nìkan ló kọ́ ní anjẹmi, ìyẹn ni pé kí èèyàn máa fi lẹ́tà kéwú kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á wò ó, á ṣe bí Kùránì ni, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣu tí ọ̀yà jẹ lóko ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí Bàṣírù lọ kọ́ṣẹ́ tísà ní Ìbàdàn, anjẹmi lòun àti bàbá rẹ̀ fi ń kọ̀wé síra wọn. "Jẹun. Kírun. Má bá wọn jà." Ọ̀rọ̀ Alfa kì í jù báyẹn lọ, Bàṣírù a sì tún un kà bí ẹni tó rí oúnjẹ ilé.

Ní ọdún 1982, òyìnbó ọ̀dọ́ méjì tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún un ní ìwé mímọ́ ìjọ Mọ́mọ́nì. Ìwé náà ní àwọn Hébérù kan ṣí kúrò ní Jerúsálẹ́mù láyé àtijọ́, wọ́n la òkun já, wọ́n sì ń fi lẹ́tà àwọn ará Íjíbítì kọ ìtàn ara wọn. Baba ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ọmọ tirẹ̀, títí lẹ́tà àjèjì náà fi yí padà bá ẹnu wọn mu. Orí irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fín in sí, nítorí ohun tí wọ́n bá kọ sórí nǹkan mìíràn yóò parẹ́. Bàṣírù pàtẹ́wọ́. "Háà, anjẹmi rèé!"

Àwọn òyìnbó náà tún fi hàn án pé àṣà èdè Hébérù ṣì wà nínú ìwé ọ̀hún, irú bíi kí èèyàn máa "lá àlá". Ẹ̀rín pa á. Kí ni àwa Yorùbá ń lá tẹ́lẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní àwọn ò gbà, pé ta ló rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan Bàṣírù. Ó ti rí bàbá àti ọmọ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ilẹ̀ ẹlòmíràn bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì dà bíi pé ilé rẹ̀ ni wọ́n ń ròyìn. Ó ṣèrìbọmi.

Ó wá fi anjẹmi kọ ọ́ sí bàbá rẹ̀, ó rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ọmọ ìwé! Ìlà kan ṣoṣo ni Alfa dá padà: "Lẹ́tà tí mo fún ọ lo fi ṣílẹ̀kùn jáde nílé mi. Má padà wọlé." Ọdún mẹ́ta gbáko, Bàṣírù kọ̀wé sí i nígbà mọ́kànlá, Alfa ò fèsì mọ́. Ìjọba gbé Bàṣírù lọ sí Ìpàpó, ó súnmọ́ ilé, kò sì lè délé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láyé ò ju pé kí bàbá rẹ̀ kọ ọ́ sí i pé, "Máa bọ̀."

Ní 1985 ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá Alfa dùbúlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pa dé, apá ọ̀tún kú. Awakọ̀ tí wọ́n rán sí Bàṣírù kọ́kọ́ gba Ṣakí lọ, ọjọ́ mẹ́rin kọjá kó tó jẹ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí Bàṣírù máa fi dé Ìsẹ́yìn, erùpẹ̀ sàréè ti ń gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àdìjátù, ló ti ń tọ́jú Alfa. Òun ni Bàṣírù bi pé, "Ìyá Àwáwù, ṣé bàbá ò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún mi?"

"Ẹnu wọn ò ṣí, àbúrò mi. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ń wo wàláà ṣáá. Mo gbé e fún wọn, pẹ̀lú kálámù àti tàdáwà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi kọ hàǹtú fún ara wọn. Láti àárọ̀ títí di ìrun àsárì, òógùn bò wọ́n."

"Hàǹtú?"

"Hàǹtú ni, kéwú ni mo rí. Mo fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, mo bù ú fún wọn mu bí a ṣe máa ń fọ hàǹtú fún aláìsàn. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń sunkún. Mo ṣe bí ìrora ni. Mo di àgbọ̀n wọn mú, mo rọra ń dà á sí wọn lẹ́nu. Wọ́n mu ún tán." Ó fi ìborùn nu ojú. "Mo rò pé á wò wọ́n sàn ni."

Bàṣírù rò ó wò. Alfa tó máa ń na ọmọ kéwú torí ọwọ́ òsì! Kò jẹ́ fi ọwọ́ yẹn kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun láéláé. Anjẹmi ni, èyí tí Àdìjátù ò lè kà.

Ó gbé wàláà náà jáde sínú oòrùn. Ó ti mọ́ tónítóní, àfi igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí àtàǹpàkò Àdìjátù ti dì í mú nígbà tó ń fọ̀ ọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́ nìyẹn, nítorí apá ọ̀tún ni kéwú ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ibẹ̀ wọ́ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé kéwú. Ó kà á: "Bàṣírù."

"Kí ló wà níbẹ̀?" Àdìjátù ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Bàṣírù wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti wú fún ẹkún. "Àdúà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú wọn."

Kò sọ òtítọ́ náà fún un títí di òní. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra, òwe yìí ló sì fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n òwe ò lè rọ́pò lẹ́tà. Ó lè jẹ́ "Bàṣírù, máa bọ̀." Ó lè jẹ́ "Bàṣírù, má dé ìdí sàréè mi." Orúkọ rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ìyókù ti bá Alfa wọ ilẹ̀.