Oyin Kọ́mlá, láti Nọ̀tsé dé Akparé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo gbé àgò adìẹ jáde kúrò nínú ilé tí àbúrò mi Kọ́mlá ń gbé ní Nọ̀tsé kó tó kú. Kì í ṣe adìẹ ló wà nínú rẹ̀, oyin ni. Kọ́mlá kò bímọ. Oyin yìí nìkan ni ohun ẹlẹ́mìí tó fi sílẹ̀, Mẹ̀sáń onílé rẹ̀ sì ti búra pé bí oòrùn ọ̀sán ọjọ́ yẹn bá bá wọn lágbàlá òun, òun á dáná sun wọ́n. Kí n tó kúrò ní Akparé ìlú wa, mo ti sọ fún Afi, ìyàwó Kọ́mlá, pé, "Màá gbé wọn wálé láàyè." Kò dá mi lóhùn. Láti ìgbà tí a ti sin ọkọ rẹ̀ ló ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo gbọn wọ́n láti orí ẹ̀ka gúáfà sínú àgò. Wọ́n ta mí dáadáa. Wọ́n so rọ̀ láti òkè àgò, gbogbo wọn ṣù pọ̀ bí ìbẹ́pẹ ńlá, mo sì fi àwọ̀n ẹ̀fọn we àgò náà yípo.

Ní ibùdókọ̀, mo ra abóló, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n sè sínú ewé. Àwọn ará Nọ̀tsé máa ń fi ṣúgà sí i, wọn á tún fi jẹ ẹja. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣúgà àti ẹja kì í pàdé. Mo jẹ ẹ́ tán ṣá. Ọkọ̀ tí mo rí ni bàṣé, ọkọ̀ akérò kékeré tí wọ́n fi táàpólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Sàlámì ló ń wà á, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Atakpamé.

"Bàbá, kí ló ń kùn nínú ẹrù yín?"

"Oyin ni."

"Ṣé èyí tí à ń lá ni àbí èyí tó ń ta èèyàn?"

"Èyí tó ń ta èèyàn."

"Ẹ̀mí mi o!" Ó wo aṣọ dúdú ọrùn mi. "Ta ló kú?"

"Àbúrò mi. Òun ló ni wọ́n."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátápátá ni o, owó ẹni méjì lẹ ó sì san, torí kò sẹ́ni tó máa jókòó tì yín."

Bí obìnrin kan tó ń ta aṣọ, Ayélé, ṣe gbọ́ kíkùn oyin nínú ọkọ̀ ló figbe ta: "Anyí!" Orúkọ oyin nìyẹn ní èdè Ewé. "Bàbá yìí fẹ́ pa wá! Bí ọ̀kan bá jáde, orí yín ni màá jókòó lé."

Nínú ìdílé wa, a kì í jẹ́ kí èrò ọ̀nà rí ẹrù òkú. Aṣọ olóògbé la fi ń bò ó títí a ó fi gbé e wọlé. Nítorí náà, mo fi kùbùsù Kọ́mlá bo àgò náà dáadáa. Oòrùn yọ, táàpólì gbóná. Nígbà tí a ń sún mọ́ Glei, kíkùn wọn yí padà, ó ń hó bí ìkòkò orí iná. Mo ká etí kùbùsù sókè. Ìbẹ́pẹ mi ti ń yọ́ bí òrí lójú oòrùn. Àwọn oyin ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn ti kú. Mo tún bò wọ́n padà. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ní Glei, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ lọ ra kólíkó, ìyẹn dùndú tiwa. Ayélé kò lọ.

"Bàbá, oyin yín ń kú."

"Mo mọ̀. Àṣà wa ni, ẹrù òkú la máa ń bò bẹ́ẹ̀."

"Èwo ló ti kú nínú wọn kí ẹ tó bò wọ́n?"

Mo ṣí kùbùsù náà kúrò, mo ká a, mo sì jókòó lé e. Ayélé mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó ń fẹ́ wọn, ó sì ń bú wọn bó ṣe ń fẹ́ wọn.

Díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan di ẹsẹ̀ èkejì mú, wọ́n tún so rọ̀. Ọkọ̀ tún gbéra. Ọ̀dà ni ọ̀nà ibẹ̀, ṣùgbọ́n ihò pọ̀. Bí ọkọ̀ bá fò sókè tó balẹ̀, ìṣù oyin náà á gbọ̀n lásán ni. Àmọ́ bí Sàlámì bá ń yà sọ́tùn-ún sósì nítorí ihò, ìṣù náà á máa fì bí ẹni fẹ́ já látòkè. Ìgbà náà ni mo rí i: àwọn tó wà nísàlẹ̀ á gun ẹ̀yìn àwọn yòókù lọ sókè, síbi tí ẹrù ti ń fà jù, gbogbo rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí iyán nínú abọ́. Kò ní fì mọ́. Tí ọ̀nà bá tún dára, wọ́n á rọra sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á di ìbẹ́pẹ padà.

"Ta ló ń pàṣẹ fún wọn?" ni Sàlámì ké bi mí láti iwájú nígbà tó gbọ́ tí mo ń ròyìn rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lọ́nà.

"Mi ò rí ẹnì kankan. Ìyá wọn wà láàárín, kò sì rí ìta."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀?"

"Mo rò pé ẹsẹ̀ wọn ló ń sọ fún wọn. Ibi tó bá ti ń fà wọ́n jù ni wọ́n ń lọ."

"Àwọn ọmọ ìyá mi ò rí bẹ́ẹ̀," ni Ayélé wí. "Ibi tó rọ̀ ni wọ́n ń sá lọ."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Ní Atakpamé, mo gbé àgò rù, mo fi ẹsẹ̀ gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa lọ sí Akparé, mò ń rọra tẹ̀ kí wọ́n má baà fì. Lábẹ́ igi máńgòrò agboolé wa, mo ṣí wọn sẹ́nu ìkòkò amọ̀ tí mo ti fi ìda pa nínú. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wọlé tán.

"Wọ́n dé láàyè?" Ohùn Afi ni, láti ẹnu ọ̀nà.

"Wọ́n dé. Díẹ̀ ló kú lọ́nà."

Láti ìgbà ìsìnkú, abẹ́ máńgòrò yẹn ni gbogbo wa ń jókòó sí, torí ibẹ̀ tutù, ọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹnu ọ̀nà Afi; ibi tó rọ̀ làwa náà ń sá lọ. Mo gbé àpótí ìjókòó mi kúrò lábẹ́ igi, mo lọ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi.