Irin Bálíkónì Màámi

Ara mi kì í balẹ̀ tí mi ò bá fojú ara mi rí iṣẹ́. Ẹnjiníà ni mí, bí mo ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa da dẹ́kìn ilé Màámi ní Òkukù, mo tètè kúrò ní Ìkìrun, ni bọ́ọ̀sì bá bàjẹ́ ní Inísà. Awakọ̀ ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù kẹ̀! Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti da kọnkéré tán.

"Irin bálíkónì ńkọ́? Ṣé òkè ló wà?"

"Òkè ni, ẹnjiníà," ni ọ̀gá bíríkìlà wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ta ló fẹ́ fọkàn balẹ̀? Bálíkónì yẹn ò ní òpó lábẹ́. Ara ògiri ló ti yọ síta, òkè ló sì ti máa ń sán tí ẹrù bá pọ̀ lórí ẹ̀, torí náà apá òkè kọnkéré ni irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ibẹ̀ gan-an ni Màámi ní òun àti àwọn ìyá ìjọ máa ti jó lọ́jọ́ ìṣílé. Kò sẹ́ni tí kò tíì sọ fún ní Òkukù.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi. Ó máa ń gé dẹ́kìn sí wẹ́wẹ́, á wá ṣírò bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe máa tẹ̀ àti ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Mo fi irin sókè, gbogbo ẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Mo sọ irin kalẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri di pupa yòò. Mo tún gbé e sókè, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ibi tí mo bá ní kí irin wà náà ni kọ̀ǹpútà gbà pé ó wà. Òun náà ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré. Mi ò lè jókòó.

Ni mo bá rántí fídíò tí Màámi fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mi ò ráyè wò. Yéè! Màámi àti àwọn ìyá ìjọ rèé lórí irin, kí wọ́n tó da kọnkéré, wọ́n ń gbàdúrà fún ilé náà. Àdúrà di orin, orin di ijó. Irin bálíkónì ń tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn títí ó fi kan pákó ìsàlẹ̀.

Mo fi han Màámi, mo sì ṣàlàyé pé bálíkónì náà lè já. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ẹsẹ̀ tèmi nìyí?"

"Ẹ̀yin nìkan kọ́, mà."

"Ó dáa. Ẹ wó o." Omi ti lé sójú ẹ̀. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí, inú sì tún ń bí mi.

A wó bálíkónì náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá la ti bá irin. Kí a tó tún un dà, mo kó gbogbo ìyá ìjọ sínú kọ̀ǹpútà, mo ní kí wọ́n máa jó. Bálíkónì gbé wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n dà á, mo dúró tì í látàárọ̀, mo ń jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé irin.

Lọ́jọ́ ìṣílé, Màámi àti àwọn ìyá ìjọ gòkè, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà bálíkónì, kò sẹ́ni tó bọ́ síta. Màámi yíjú sí mi.

"Ṣé ó máa gbé wa?"

"Ó máa gbé yín, mà. Mo ti ṣírò ẹ̀."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ehn-ehn." Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ dúró sábẹ́ ẹ̀."

Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ dúró sábẹ́ ẹ̀, mo gbójú sókè. Lókè, Màámi dá orin.