Apínhùn tí mo yàn nítorí etí Sìdíkátù

Ọjọ́ tí Sìdíkátù sá kúrò níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Masífà, ìlú tó wà nítòsí Èjìgbò wa, ni mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tún ọ̀nà tí mò ń gbà ṣiṣẹ́ yẹ̀ wò. Sìdíkátù ni àkọ́bí mi. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá síbẹ̀, pẹ̀lú hóònù irin kan tí mo so mọ́ orí òpó. Ẹni tó ń ṣe àdúà gbé máìkì sún mọ́ hóònù jù, hóònù sì han gooro. Àwọn èèyàn di etí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó sáré gba ẹ̀yìn ilé lọ. Abẹ́ igi máńgòrò la ti bá a, tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí.

"Ṣé ẹ̀rọ bàbá ẹ lo wá ń sá fún?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mi ò sá fún bàbá mi. Hóònù wọn ni mo sá fún."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ yìí kéré, èèyi ṣe é, ó bá etí rẹ̀ jà, etí náà sì ń tú ọyún fún ìgbà pípẹ́. Ó sàn, ó ń gbọ́ràn dáadáa, àmọ́ ariwo ńlá máa ń gún un létí bí abẹ́rẹ́. Èmi tí mi ò jẹ́ kó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata, èmi náà ni mo tún gbé hóònù wá bá a.

Ilé ìwé girama ni mo ti jáde kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo padà sí Èjìgbò, ní àwọn ọdún 1970, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mò ń tún rédíò ṣe, mo sì ń gbé ẹ̀rọ lọ síbi ayẹyẹ. Ibi tí ohùn ẹ̀rọ bá dé ni àwọn oníbàárà fi ń wọn bó ṣe dára tó. Ààfáà tó ni ilé kéwú tí Sìdíkátù ń lọ wá bá mi nítorí wòlímọ̀ àwọn ọmọ tó fẹ́ parí Kùránì.

"Bàbá Sìdí, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ wa dé Masífà."

"Ààfáà, ṣé àwọn ará Masífà ló ń ṣe wòlímọ̀ ni, àbí àwa?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yí ohùn padà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ síwájú máìkì, yóò ka ibi tirẹ̀ létí gbogbo ìlú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà Sìdíkátù sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò ní dé ìdí máìkì náà. Ó mọ ibi tirẹ̀ lórí ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo rò ó pé wọn yóò máa pe orúkọ àwọn yòókù, ọmọ tèmi yóò sì wà lábẹ́ igi níbì kan.

Mo pinnu pé n ò ní lo hóònù irin mọ́. Mo kan àpótí sípíkà méjì fúnra mi. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, sípíkà ńlá wà fún ohùn ìsàlẹ̀, kékeré kan sì wà fún ohùn òkè. Ampilifáyà kan, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ni yóò máa ti sípíkà ńlá, òmíràn yóò máa ti kékeré, kí ọ̀kan má baà ni èkejì lára. Ohun tó kù ni apínhùn, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní kurọsófà. Máìkì ni yóò gbé ohùn fún un, òun ni yóò sì pín in kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ampilifáyà. Bí ajọ̀ tí a fi ń jọ èlùbọ́ ló rí: ó ń jẹ́ kí kíkúnná lọ síbì kan, ó ń dá èyí tí kò kúnná dúró fún ibòmíràn. Bí ojú ajọ̀ bá fẹ̀ jù, ohùn ìsàlẹ̀ yóò ráyè dé ọ̀dọ̀ sípíkà kékeré, yóò sì jó o.

Èyí tí mo rí ní Ìbàdàn wọ́n ju agbára mi lọ. Mo lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í rọrùn láti rí èròjà tó bára mu, wòlímọ̀ sì ti ń sún mọ́. Ìgbà náà ni Lásísì, àbúrò ìyàwó mi, ti Àbíjàn dé. Ó gbé àpótí kan jáde láàárín ẹrù rẹ̀, ó ní apínhùn ni.

"Bọ̀dá, sè bọ́ọ̀n," ó ní. Bó ṣe ń sọ pé nǹkan dára nìyẹn láti ìgbà tó ti dé. "Ẹ má wojú ẹ̀ pé ó ti gbó. Nítorí pé ẹ̀yin ni, mo ti bu owó rẹ̀ kù."

Mo wo ìyàwó mi. Ó ní, "Bí kò bá dára, ẹ sọ fún un. Àbúrò mi ni, kì í ṣe ọba."

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rù máa ń bà mí, nítorí náà sípíkà àlòkù ni mo fi dán an wò. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí bí mo ṣe tan apínhùn náà lẹ́yìn tí àwọn ampilifáyà ti ń ṣiṣẹ́, ó ta gbàù, sípíkà kékeré sì kú lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, apínhùn ni mo máa ń kọ́kọ́ tàn, òun náà ni mo sì máa ń pa gbẹ̀yìn. Mo wá yọ sípíkà ńlá, mo fi kékeré mìíràn nìkan sílẹ̀, mo ní kí Lásísì sọ̀rọ̀ sí máìkì.

"Kí n sọ kí ni?"

"Sọ ohun tó bá wù ẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Àbíjàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó mi tó tẹ̀ lé wa wá, ní kó yí ọ̀rọ̀ padà. Èmi ti gbọ́ èyí tí mo fẹ́ gbọ́: ohùn ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nínú sípíkà kékeré. Ojú ajọ̀ náà fẹ̀ jù. Èyí tó tún burú ni pé kókó kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀. Bí mo bá yí i, gbogbo ohùn ló ń lọ sókè pọ̀; n ò lè dín ohùn òkè nìkan kù.

"Lásísì, mo fẹ́ tú u."

"Nǹkan òyìnbó tó dára báyìí?"

"Mo fẹ́ tú u, mo sì fẹ́ rà á. Èwo ló dùn ẹ́ níbẹ̀?"

"Ẹ rà á ná, Bọ̀dá. Lẹ́yìn náà, kódà kẹ́ ẹ fi se ọbẹ̀."

Mo pààrọ̀ èròjà inú rẹ̀ títí ojú ajọ̀ fi dín. Mo fi kókó kan sí ohùn òkè, mo fi òmíràn sí ohùn ìsàlẹ̀. Ohun tó ń fún un níná àti àpótí irin rẹ̀ dára púpọ̀, èyí tí ì bá ná mi lówó jù nìyẹn bí mo bá ní kí n ṣe é fúnra mi.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ síwájú ilé kéwú kí Ààfáà lè gbọ́ ọ. Mo mú Sìdíkátù dání, ó sì dúró lókèèrè. Nítorí etí rẹ̀, mo yí ohùn òkè sílẹ̀ gan-an. Ààfáà sọ̀rọ̀ sí máìkì, ó dúró, ó wojú mi.

"Bàbá Sìdí, ó dà bíi pé inú ìkòkò ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e sókè."

Mo gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Ó ń dún gbì-gbì, ilẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ ò sì hàn síbẹ̀. Sìdíkátù di etí.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?" mo bi í.

"Ó ń dùn mí. Mi ò sì gbọ́ ohun tí Ààfáà ń sọ."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá mi ní Ìbàdàn kò kọ́ mi. Inú ohùn òkè ni ẹnu ọ̀rọ̀ wà; ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké. Èmi tí mo gé e kúrò kí ó má gún ọmọ mi létí, èmi ni mo sọ ọ́ di dandan kí ẹ̀rọ máa pariwo. Mo yí gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Mo dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, mo sì ń dá ohùn òkè padà díẹ̀díẹ̀, ojú mi ò kúrò lára ọmọ náà. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó rìn sún mọ́ wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Ẹ̀rọ yín ti ń sọ̀rọ̀ wàyí," Ààfáà wí. "Àmọ́ àwọn ará Masífà ò ní gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá, Ààfáà. A máa fún wọn lóúnjẹ."

Ní ọjọ́ wòlímọ̀, mo gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sẹ́yìn ilé, mo tan apínhùn ṣáájú, mo sì dúró tì í. Èmi àti Sìdíkátù ti jọ ṣàdéhùn: bí ohùn bá ń dùn ún, kó fọwọ́ kan gèlè rẹ̀ lẹ́bàá etí, màá sì dín in kù. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó bọ́ síwájú nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó la Kùránì, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde kedere, láìsí igbe kankan.

Kò pẹ́ tó fi gbé ọwọ́ sókè. Kí ọwọ́ náà tó dé ibi gèlè, mo ti yí kókó wálẹ̀.

Ó bojú wò mí, ó fajú ro, ó mi orí. Ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sí etí. Ìka ló nà sí òkè, pé kí n gbé ohùn sókè.

Mo yí i padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó tún na ìka náà. Mo gbé e sókè díẹ̀, níwọ̀n ibi tí ọwọ́ bàbá lè gbé e dé. Ó wò mí títí, ó rí i pé n ò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbé èyí tó kù sókè.