Ọjọ́ Tí Mo Purọ́ Fún Bàbá Méjì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àgbàlagbà méjì fi mí sórí ìkúnlẹ̀ ní Òṣogbo, èmi ìyá ọlọ́mọ méjì, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: mo jẹ̀bi. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Ọmọ Ìlọ́bù ni bàbá mi, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni ìyá mi. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì á mọ̀ pé orí mi pé tí mo fi lọ ń gbé Òṣogbo. Aṣọ ni mò ń rán níbẹ̀. Bí mo bá dé Ìlọ́bù, wọ́n á ní, "Sìdí, ọmọ wa!" Bí mo bá dé Ìfọ́n, "Sìdí, ọmọ wa!" Ọmọ gbogbo ayé ni mí, títí di ọjọ́ tí mò ń wí yìí.

Nítorí ìyẹn ni ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ṣe fà mí mọ́ra. Ẹgbẹ́ náà kéré, yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀: à ń mú mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀, à ń bá ìlú sí ìlú parí aáwọ̀, a sì ń ran àwọn àlejò tó wá ṣiṣẹ́ oko láti ìlú òkèèrè lọ́wọ́. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ni alága wa. Mọ́mì Tíṣà là ń pè wọ́n. Ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Àdúrà! Mùsùlùmí á fi àdúrà ṣí ìpàdé, onígbàgbọ́ á tún un ṣí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí àdúrà tiẹ̀ kúrú ju ti ẹnì kejì lọ. Nígbà tí a bá fi máa ṣe àmín tán, ebi á ti máa pa wá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Tọkọtaya kan wà, ọmọ Tógò ni wọ́n, Kọ́sì àti Àfí ìyàwó ẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti dé àdúgbò wa. Yorùbá ti wọ Àfí lẹ́nu débi pé òun ló máa ń pa òwe fún mi! Ìlọ́bù ni Kọ́sì ti ń dáko, lórí ilẹ̀ Àlàájì kan. Ìfọ́n ló ti ń sùn, nínú ilé Bàbá Ìjọ kan. Nígbà tí kò sí ìjà, ta ló bìkítà? Àmọ́ nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ìlọ́bù ní amí Ìfọ́n ni, ṣebí ibẹ̀ ló ń sùn. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ìfọ́n ní amí Ìlọ́bù ni, ṣebí ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ẹ wá wo nǹkan! Ọkùnrin tí kò mọ̀ ju ọkọ́ àti àdá lọ! Bí òun àti ìyàwó ẹ̀ ṣe di ẹni tó ń sùn lórí ẹní nínú yàrá kejì ọ́fíìsì wa nìyẹn.

Nígbà tó yá, ìjà rọlẹ̀, òjò bẹ̀rẹ̀, àsìkò àgbàdo dé. Àwọn bàbá méjèèjì ò ní ohunkóhun nínú sí Kọ́sì. Ohun tó kù ò ju pé kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo pé èèyàn àwọn ni, kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú méjèèjì lè rí i kí wọ́n fi í lọ́rùn sílẹ̀. Àlàájì ní bí Bàbá Ìjọ bá wá kí òun, òun á fọwọ́ sí i. Bàbá Ìjọ ní bí Àlàájì bá wá kí òun, òun á fọwọ́ sí i. Àgbà ni wọ́n ń jà sí o! Kálukú ní òun ni ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n kì í sì í kọ́kọ́ kí àbúrò.

Oṣù kan kọjá báyìí. Kọ́sì wá sọ fún wa pé mọ́tò kan ń lọ sí ẹnubodè lọ́jọ́ Sátidé, àwọn máa bá a lọ. Wọ́n ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Mo yọjú sí yàrá, mo rí Àfí tó ń di ìkòkò sínú àpò. Inú mi bàjẹ́ gidi gan-an.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú ti sọ sí mi lórí.

Mo gun ọ̀kadà, ó di Ìlọ́bù. Mo kúnlẹ̀ fún Àlàájì, mo ní Bàbá Ìjọ ti gbà pé Àlàájì ni ẹ̀gbọ́n, pé Bàbá Ìjọ ń bọ̀ wá kí wọn ní ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Àlàájì fọwọ́ ra irùngbọ̀n, wọ́n ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ọ̀rọ̀ ti yé e. Láti ibẹ̀, ó di Ìfọ́n. Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá Ìjọ, mo ní Àlàájì ti gbà... ẹ ti mọ ìyókù! Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, orí ẹ̀ á pé. Wọ́n tún fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo gbà á. Ṣé kí n kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni?

Èrò mi ni pé tí wọ́n bá ti fojú kan ara wọn, ojú á ti wọ́n, ẹnì kan á kí ẹnì kejì. Mi ò tíì mọ àgbà nígbà yẹn!

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Bàbá Ìjọ ló kọ́kọ́ dé. Agbádá funfun, fìlà tuntun! Wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ṣe ojú ẹni tó fẹ́ gba ìdọ̀bálẹ̀. Kò pẹ́ ni Àlàájì wọlé, tàwọn ti láwàní ńlá, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbójú sókè. Àwọn náà ń retí ìdọ̀bálẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀! Fáànù ń fẹ́ agbádá kiri. Mọ́mì Tíṣà wúkọ́. Èmi ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Àlàájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n sì kọjú sí. "Sìdíkátù, ẹni tó ní òun ń bọ̀ wá kí mi dà?"

Bàbá Ìjọ fò dìde. "Ta ló ń bọ̀ wá kí ta? Èmi ni wọ́n ní o ń bọ̀ wá kí!"

"Èmi? Kí n wá kí ìwọ tí mo jù lọ?"

"O jù mí lọ? Ta ló ṣáájú wọ ilé ìwé nínú àwa méjèèjì?"

Àṣé ilé ìwé kan náà ni wọ́n lọ! Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí. Láyé ìgbà náà, kò sí ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí kọjá, bí ọwọ́ bá ti kan etí òdì kejì, ó tó wọ ilé ìwé nìyẹn. Bàbá Ìjọ ní ọwọ́ òun kan etí, wọ́n gba òun wọlé. Ọwọ́ Àlàájì ò kàn án, wọ́n ní kó padà sílé lọ dàgbà sí i.

"Apá mi ló kúrú!" Àlàájì pariwo. "Apá mi ló kúrú, kì í ṣe ọjọ́ orí mi!" Wọ́n bá gbé ọwọ́ gba orí láwàní kọjá láti fi hàn wá. Ọwọ́ ọ̀hún ò mà tíì kan etí títí dòní!

Ẹ̀rín bú. Mọ́mì Tíṣà fi fáìlì bojú. Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, Àlàájì náà ò wá mọ ìgbà tí àwọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ti ń yọ́ lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Sìdíkátù!"

Àwọn méjèèjì ló pè mí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá Ìjọ ní kí Àlàájì wá wo ohun tí ọmọ wọn ṣe. Àlàájì ní rárá o, ọmú Ìfọ́n ni mo mu dàgbà, kí Bàbá Ìjọ mú ọmọ wọn. Èmi tí mo jẹ́ "ọmọ wa" níbi méjèèjì, mo di "ọmọ yín" níbi méjèèjì! Wọ́n bú mi, bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu ọ̀kan, èkejì á gbà á. Mi ò rí àjọṣe tó dán mọ́rán tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n bú mi tán, wọ́n jókòó, àmọ́ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìwé. Ọ̀rọ̀ tún padà sórí ta ló dàgbà jù. Ọ̀kan ń ka ìgbà tí wọ́n kọ mọ́ṣáláṣí, èkejì ń ka ìgbà tí wọ́n ṣe afárá.

Àfí bá jáde láti yàrá kejì, àpò lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú. Níbí lẹ ti kọ́ wa pé àgbà lèèyàn ń kọ́kọ́ dágbére fún. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ dágbére fún nínú yín?"

Mo wojú Bàbá Ìjọ, mo wojú Àlàájì, ìtìjú ni mo rí. Èmi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀, omi ti lé ròrò sójú mi.

Àlàájì ní, "Àfí, gbé àpò yẹn sílẹ̀." Wọ́n na ọwọ́ gba báírò. Fáànù ń fẹ́ ìwé náà kiri, Bàbá Ìjọ bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí Àlàájì fi kọ orúkọ wọn tán. Àlàájì náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún Bàbá Ìjọ. Kọ́sì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n ní kó dìde, kò dìde.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n gbàgbé tèmi? Ìdájọ́ dé! Wọ́n ní èmi ni mo máa bá Àfí gbin àgbàdo ọdún yìí, láti poro àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Lọ́jọ́ Sátidé tí mọ́tò ẹnubodè gbéra, inú ẹrẹ̀ oko Ìlọ́bù ni mo wà, ẹ̀yìn ń dùn mí, Àfí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Ìjọ náà wá láti Ìfọ́n. Látìgbà ìjà, ẹsẹ̀ wọn ò tẹ Ìlọ́bù mọ́. Àwọn àti Àlàájì jókòó sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ mi kí n má lọ fi irọ́ gbin àgbàdo.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé o. Irọ́ mi gbé wọn dé ọ́fíìsì, kò lè gbé wọn débi báírò. Òótọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Àfí ló gbé wọn débẹ̀. Gbogbo oṣù kan tí ìdílé kan tún fi sùn lórí ẹní lẹ́yìn tí ìjà rọlẹ̀, a rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, a rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Kò ju "ẹ káàárọ̀" tí ẹnì kan ò fẹ́ kọ́kọ́ sọ lọ!

Ẹ̀yin náà, ẹ wá sọ tiyín nísàlẹ̀ yìí, ẹ má fi pamọ́. Ta lẹ̀ ń retí pé kó kọ́kọ́ wá kí yín? Ó ti tó ọdún mélòó? Bó bá wá jẹ́ pé òun náà ti wọ agbádá, ó ti na ẹsẹ̀, ó ń retí yín ńkọ́?