Ilé Tí Mo Ń Dá Sùn ní Àkóbọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n máa lọ sùn níbẹ̀. Ó ń ránṣọ ní Bódìjà, èmi sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ka ìwé mẹ́fà tán ní Òkè-Ògùn. Ní àárín àwọn ọdún 1980 yẹn, ó ń kọ́lé sí Àkóbọ̀, níbi tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ. Yàrá kan ṣoṣo ló ní páànù lórí. Wọ́n ti jí pákó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọ́n á tún wá kó ìyókù.

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀," ó sọ fún mi. "Má bá àwọn ará àdúgbò ṣeré. Má tanná."

Ìmọ̀ràn yẹn bá mi lára mu, torí ojú máa ń tì mí láti kí èèyàn. Mo máa ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù kí n má baà dáná. Bí oòrùn bá ń wọ̀, màá gba inú igbó wọlé. Mo ti fi àpò sìmẹ́ǹtì dí ojú fèrèsé, màá wá fi búlọ́ọ̀kù ti ilẹ̀kùn. Bí ewé bá mì níta, màá na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí tí mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti jáde. Mo rò pé bí ẹnikẹ́ni ò bá ti rí mi, kò séwu.

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń rí ipa ẹsẹ̀ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń ró ìró mi lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin níwájú ilé.

"Olè, jáde wá. A ti rí ibi tó o ń fara pa mọ́ sí. Níbo lo mú ewúrẹ́ ìyá wa lọ?"

Mo yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì. Ọkùnrin méjì ni, àdá wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá àgbàlagbà kan dúró lẹ́yìn wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni. Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún olè.

"Mi ò kì í ṣe olè."

"Ohùn obìnrin nìyẹn," ni ìyá náà wí.

"Ṣé olè ò lè jẹ́ obìnrin ni, Màámi?"

"Dákẹ́ jàre. Ìwọ tó o wà nínú ilé, èèyàn mélòó ni yín?"

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní n ò gbọ́dọ̀ sọ gan-an ni wọ́n ń bi mí. Bí mo bá ní a pọ̀, àwọn àdá yẹn á wọlé. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbà mí.

"Èmi nìkan ni, mà."

Mo gbé búlọ́ọ̀kù kúrò. Ìyá náà wọlé, wọ́n wo ẹní mi, wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n wá wo ojú mi.

"Ìwọ nìkan, nínú igbó yìí?" Wọ́n yíjú sí àwọn ọmọ wọn. "Ẹ gbé àdá yẹn lọ sílé. Ẹ ò rí i pé ó ń gbọ̀n ni?" Wọ́n bọ́ ìborùn wọn, wọ́n fi bò mí léjìká. Wọn ò tún sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ mọ́.

Wọn ò jẹ́ kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yẹn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, a ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Ọmọ mi rèé. Òun ló ń sùn nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán yẹn. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ yáa jáde." Mo ń kúnlẹ̀ kiri, mi ò lè gbójú sókè.

"Ṣé ọmọ yìí tiẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀?" ni bàbá kan tó ń fọ mọ́tò bi wọ́n.

"Á sọ. Ẹ fún un láyè."

Nígbà tí a padà dé, wọ́n ní kí n dúró lójú fèrèsé, kí n máa pe àwọn láti ibẹ̀. Wọ́n sọdá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwọn. Mo pè.

"Adìyẹ mi pàápàá ò gbọ́ ọ," wọ́n dáhùn. "Tún un pè."

Mo dijú, mo fi gbogbo ara pè wọ́n. "Màámi o!" Ilẹ̀kùn ṣí lọ́tùn-ún lósì. Ìyàwó ilé kejì sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan," ni ìyá náà wí. "Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo ni."