Máìkì Mọ́kànlá Nínú Agolo Ìpara

Àwọn kọ́sítọ́mà ló kọ́kọ́ mú ẹjọ́ wá. Ọ̀kan dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè: "Mò ń gbọ́ èèyàn, àwọn ni ò gbọ́ mi." Òmíì dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí wọ́n ti di márùn-ún, èmi sì ń parọ́ fún wọn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ọwọ́ Òwú ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù tó bá já sómi, tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe yòókù ti ní kí ẹ lọ sin ín, òun ló máa jí i. Ọdún mẹ́fà la ti jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì méjì lọ. Èmi ni mò ń pariwo, èmi ni mò ń bá èèyàn dúnàá dúrà, òun á kàn tẹrí sórí iṣẹ́. Ọdún kan àbọ̀ péré ló fi jù mí lọ. Bọ̀ọ̀dá tí mò ń pè é yẹn, ìyá wa ló fipá kọ́ mi. Òun náà ń pè mí ní Ẹlẹ́nu.

Mo wá tú ọ̀kan nínú fóònù márùn-ún tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn. Máìkì ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Kò bàjẹ́ o, ẹnì kan yọ ọ́ ni, ojú ibẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Mo tú èkejì, bákan náà. Nǹkan tí ò ju hóró inú ata lọ, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó lè yọ ọ́ láìjó ohunkóhun.

Nígbà tó jáde lọ ra omi, mo fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀. Agolo ìpara kan wà níbẹ̀. Mo kà á: máìkì mọ́kànlá.

Mi ò tíì dé e tó fi wọlé.

"Fi yẹn sílẹ̀, Ẹlẹ́nu."

"Bọ̀ọ̀dá, kí lèyí?"

Ó pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀. "Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà gbọ́ wa. Tí mo bá ti yọ ọ́, wọ́n máa ń dákẹ́ díẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Ìwọ náà ń gbọ́ wọn. O kàn ń díbọ́n ni."

Gbogbo nǹkan tí mo ti fojú fò wá ń tò síwájú mi: bó ṣe jẹ́ pé tí mo bá jí nílé láàárọ̀, ó ti wọṣọ, ó ti jókòó, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ò rún rárá, bó ṣe dẹ́kun àti máa fi ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Ẹni kẹfà tó gbé fóònù padà wá, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ni. "Ìyá mi pè mí títí, wọ́n rò pé mo ti yadi!" Ẹnu mi tí kì í gbé sójú kan, mo ṣí i, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un létí gọ́tà níta.

Kò yà á lẹ́nu. "Ó tó ìgbà wo?"

"Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ mẹ́rin."

"Ṣé ó ń mu igbó?"

"Kò mu sìgá pàápàá rí."

"Ṣé ó ti sọ pé òun máa ṣe ara òun léṣe, àbí ẹlòmíì?"

"Rárá o!"

"Tó bá sọ ọ́, gbé e wá sí ọsíbítù wa lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́, ẹ wá ní Mọ́ńdè. Ẹ tètè rí i. Àwọn tí wọ́n fi pa mọ́ fún ọdún méjì ló máa ń ṣòro fún wa. Má bá a jiyàn, má sì sọ pé ò ń gbọ́ ohun tí o ò gbọ́. Àìsùn yẹn ni kó o bá a sọ."

Màámi ò fẹ́ gbọ́. "Wèrè ò sí nílé wa! Tí wọ́n bá rí i níbẹ̀, ta ló máa gbé fóònù fún un mọ́?"

"Tó bá jẹ́ ibà ńkọ́, Màámi, ṣé ẹ máa dúró?"

Wọ́n jókòó, wọ́n ń ká etí ìró wọn. Nígbà tó yá ni wọ́n ní, "Ó ní kí n yọ bátìrì rédíò mi. Ó ti pé oṣù kan. Mo yọ ọ́. Mi ò sọ fẹ́nì kankan."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, irin tí a fi ń yọ́ òjé jó o níka. Òun, Ọwọ́ Òwú!

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò gbọ́ wọn o, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n o ò sùn. Wo ọwọ́ ẹ. Jẹ́ ká lọ sí ọsíbítù, kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i."

Ó wo ọwọ́ yẹn pẹ́. "Fóònù ńkọ́?"

"A máa fi sílẹ̀. Tèmi náà." Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

A fẹsẹ̀ rìn. Màámi ń bọ̀ lódìkejì títì, wọ́n fa gèlè bojú bíi pé wọn ò mọ̀ wá rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bọ̀ọ̀dá dúró, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró tì í. Nígbà tá a dé géètì ọsíbítù, ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ gbé rédíò dání, rédíò náà ń sọ̀rọ̀ gbuu. Bọ̀ọ̀dá yí padà. Èmi Ẹlẹ́nu, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Màámi ló sọdá. Wọ́n ká gèlè kúrò lójú, wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú níwájú gbogbo ayé. "Ọkọ mi, ọjọ́ tí mo yọ bátìrì yẹn ló yẹ kí n ti mú ẹ wá. Èmi ni mo pẹ́." Wọ́n kọjú sí ẹ̀ṣọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa rédíò yẹn."

Ọkùnrin yẹn pa á, kò béèrè ìdí. Ó jọ pé wọ́n ti máa ń bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. A wọlé.

Ó ti di oṣù márùn-ún. Dókítà ò ṣèlérí kankan. Bọ̀ọ̀dá ń lo oògùn, ó ń sùn, nọ́ọ̀sì yẹn ń yà kí wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ìdajì ọjọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi dá máìkì yẹn padà, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí agolo fi ṣófo.

Láàárọ̀, kó tó dé, mo máa ń ṣí agolo yẹn wò. Mi ò lè ṣe kí n má ṣe é. Ní àná ló ká mi mọ́ ọn.

"Mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ó fa àga ẹ̀, ó jókòó. "Máa wò ó lọ, Ẹlẹ́nu. Èmi náà máa ń wò ó, kí n tó lọ sílé."