Ìpẹ̀ta Tí A Gbìn fún Oyin

Mo rántí òórùn rẹ̀ kí n tó rántí ohunkóhun mìíràn nípa ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn. Ìpẹ̀ta a máa tanná nígbà tí gbogbo koríko bá ti gbẹ, tí iná ìgbẹ́ ti jó ilẹ̀ dúdú láti ẹ̀yìn Ìgbòho lọ títí. Òdòdó rẹ̀ kéré, àwọ̀ àlùkò ni, òórùn rẹ̀ sì dùn débi pé bí afẹ́fẹ́ bá gbé e wá, èèyàn á rò pé obìnrin kan ló fín lọ́fínńdà sára tó ń kọjá lọ. Àgbà ìpẹ̀ta kan wà lẹ́yìn ilé wa tí ọkọ mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé. Òórùn tirẹ̀ ló ń wọlé bá mi láti ojú fèrèsé. Èmi kò lè jáde lọ wò ó, torí pé opó ọkọ mi ni mò ń ṣe.

Ọkọ mi ń sin oyin. Nígbà tó fi máa gbé mi níyàwó láti Ṣakí, àwọn tó ń sun èédú àti àwọn tó ń gbin kaṣú ti gé igbó tó yí oko rẹ̀ ká tán. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé báyìí, oyin kò ní rí òdòdó kankan lá mọ́, wọn á kó jáde nínú àpótí, wọn á lọ. Ó ní ìpẹ̀ta nìkan ni igi tí kò ní bẹ ẹnikẹ́ni fún omi, tó sì máa tanná nígbà tí nǹkan mìíràn ò tanná. Àwa méjèèjì la jọ ṣa èso rẹ̀ nínú igbó, èso tó ní ìyẹ́ kan ṣoṣo bíi ti eṣú, a gbìn wọ́n sínú ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí a ti mu tán, a tò wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó hù. Mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé erùpẹ̀ lásán la tò síbẹ̀ tí a ń ṣọ́.

Nígbà tí wọ́n hù tán ni wàhálà dé. Kò sí ìdílé tí kì í lo gbòǹgbò ìpẹ̀ta fún àgbo lágbègbè wa, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ó lágbára, pé bí ó bá pọ̀ lápọ̀jù, ó léwu. Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá fa àwọn ọmọ ìpẹ̀ta wa tu nítorí gbòǹgbò. Èmi tí mo ka ara mi sí ọ̀lajú ọmọ Ṣakí, mo ní mo mọ ohun tí màá ṣe fún wọn. Mo dúró nídìí omi ẹ̀rọ, mo là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo wọn pé gbòǹgbò èyí tó ṣì kéré yìí burú ju ti àgbà lọ, pé ẹni tó bá mu ún, inú ni yóò run ún pa. Irọ́ ni mo pa, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo fi ọwọ́ júwe bí onítọ̀hún yóò ṣe máa yí mọ́lẹ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tó gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n orí mi.

Kò pẹ́ sí i ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọkọ mi. Ó kọ́kọ́ ní kò le, ó lọ sóko bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di pé kò lè nàró mọ́, wọ́n fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Dókítà ní ìfun rẹ̀ ti lu, pé ó ti pẹ́ jù. A sin ín lọ́jọ́ tó kú náà, ìyá rẹ̀ sì mú mi wọ yàrá inú lọ, èmi àti ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹkún kò jẹ́ kí n kíyè sí nǹkan. Ìgbà tó yá ni mo wá rí i pé àwọn obìnrin tó ń wá kí mi kì í mu omi tí mo bá bù fún wọn. Wọ́n á gba ife, wọ́n á gbé e sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹ́yìn fèrèsé, òun àti Màmá, ìyá ọkọ mi.

"Ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ń pààyàn náà rèé lẹ́yìnkùlé wa. Inú rírun náà ló sì pa àbúrò mi. Màmá, ẹ jẹ́ kí n fà wọ́n tu."

Màmá ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Bí o bá fà wọ́n tu lónìí, lọ́la àwọn ará àdúgbò á ní a rí nǹkan níbẹ̀."

Mo dúró kí ó sọ pé ìyàwó òun kò lè ṣe irú ẹ̀. Kò sọ ọ́. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń wọ́ sálúbàtà rẹ̀ padà sínú ilé.

Ọkàn mi bàjẹ́ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Kò sẹ́ni tó wá bá mi lójúkojú kí n lè dá a lóhùn. Nígbà tí ààfáà àdúgbò wá ṣe àdúà fún wa, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n fi Kùránì búra. Ó bi mí pé, "Ta ló fẹ̀sùn kàn yín?" Mo ní kò sẹ́ni. Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù nígbà náà, ìyá. Kí lẹ fẹ́ búra lé lórí?" Bàbá mi wá láti Ṣakí, ó ní tí opó bá ti pé, òun á wá kó èmi àti ọmọ mi lọ. Ohun tí mo ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúrò, wọ́n á ní ẹ̀rí ọkàn ló lé mi sá, orúkọ náà ni ọmọ mi yóò sì gbọ́ dàgbà: ọmọ ẹni tó fi ìpẹ̀ta pa ọkọ. Bí mo bá sì dúró, àárín wọn náà ni màá máa gbé. Mo jókòó sínú yàrá yẹn, mo ń ro ó síwá sẹ́yìn, n kò rí ọ̀nà kankan.

Màmá ló wá ń bomi rin àwọn ìpẹ̀ta náà, láràárọ̀, lójú gbogbo àdúgbò. Omi tó ń dà sí wọn ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nídìí. Mo yọjú sójú fèrèsé, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó, igi yẹn kì í fẹ́ omi."

Kò tilẹ̀ wojú mi. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ jáde wá ṣe é ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ó dín omi náà kù lọ́jọ́ kejì.

Opó pé nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, bàbá mi sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú mọ́tò. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo ní kí ó má bínú, n kò ní í bá a lọ. Ó wò mí títí bí ẹni tí kò mọ̀ mí mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn ni èmi àti Màmá ru ìyókù àwọn ìpẹ̀ta lọ sóko, a gbìn wọ́n yí àpótí oyin ká. Òun ló ń gbẹ́ ihò, èmi ló ń kì wọ́n sí i.

Wọ́n ti di igbó báyìí. Kí ẹ̀ẹ̀rùn le bí ó ti le, wọn á tanná, oyin kì í sì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fa oyin, kò sẹ́ni tó fẹ́ tọ́ ọ wò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá bù nínú rẹ̀ nígbà tí ikọ́ ń dà á láàmú. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ó di ohun tí wọ́n ń wá rà láti Ìsẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ ijọ́sí mọ́, tàbí kí n sọ pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ.

Màmá ti dàgbà gan-an, kò lè dìde fúnra rẹ̀ mọ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Ó ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi, ó ń jẹ ọkà, ó ń mu oògùn tí mo bá gbé fún un láìbéèrè ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ìpẹ̀ta yẹn ti tanná, kò tíì tọ́ oyin oko náà wò rí. Bóyá ẹ̀rù ni. Bóyá ìrònú ọmọ rẹ̀ ni, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni oyin náà. N kò bi í rí. Ẹ̀rù ohun tó máa fi dá mi lóhùn ń bà mí.

Nígbà tí mo fa ti ọdún yìí, mo bu díẹ̀ sínú ṣíbí, mo gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó wojú mi, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo jẹ ẹ́ fúnra mi, níwájú rẹ̀, bí mo ti ń ṣe lọ́dọọdún, mo sì ya ẹnu mi kí ó lè rí i pé mo ti gbé e mì.